Kí Ẹ Tó Tẹ̀lé Afinimọ̀nà Lọ sí Ọjà Ṣáínà

Baálé ilé àti ìyá ilé, ilé-iṣẹ́ òyìnbó Paterson Zochonis ni a fi sọ àdúgbò PZ ní Zaria lórúkọ. Láyé ìjọ́sí, òyìnbó ni ó ń kó ọjà wá bá wa. Lóde òní, àwa náà ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ kó o ní Ṣáínà.

Ní Guangzhou, láti ọdún 1957 ni wọ́n ti ń ṣe pàtẹ ọjà Canton. Ní Yiwu, ìsọ̀ tí a ti ń rajà ní páálí-páálí ju 70,000 lọ. Nítorí èdè, ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń gba afinimọ̀nà tí yóò mú wọn dé ilé-iṣẹ́, tí yóò sì bá wọn ná ọjà.

Ẹ kíyè sí i: bí ó bá jẹ́ pé lórí iye ọjà tí ẹ rà ni owó iṣẹ́ rẹ̀ wà, bí ẹ ti ń náwó sí i ni tirẹ̀ ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹ dá owó rẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Ẹ mú àpẹẹrẹ ọjà tí ẹ yàn sọ́wọ́. Ẹ má san owó tán títí ẹ ó fi tú páálí wò kí wọ́n tó ti kọ̀nténà. Súratul-Bákọ́rà, áyà 282, ti pa á láṣẹ kí a kọ àdéhùn gbèsè sílẹ̀, kí a sì pe ẹlẹ́rìí.

Owó ilé-ìwé ọmọ lè wà nínú owó yẹn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ọjà bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi, àbámọ̀ kò lè dá a padà.