Èwo Ni Kí Ilé Iṣẹ́ Fi Gbé Ìkànnì Abẹ́lé Rẹ̀ Ró?

Ká sọ pé ilé iṣẹ́ kan wà ní Kpalsi, nílùú Tamale, ní Ghana, tó ń ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì tó 40. Fọ́ọ̀mù ìsinmi wà nínú kọ̀ǹpútà akọ̀wé, ìlànà owó ọkọ̀ wà nínú ímeèlì ọ̀gá, ìròyìn láti oko sì ti rì sábẹ́ ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Ohun tí wọ́n nílò ni ìkànnì abẹ́lé tí òṣìṣẹ́ nìkan lè wọ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní CMS ló ń gbé irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ ró: òun ló ń jẹ́ kí ẹni tí kò mọ kóòdù kọ ojú ewé, kó tún un ṣe, kó sì yan ẹni tí yóò rí i.

Oríṣiríṣi ló wà, ọ̀fẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó rẹwà jù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ẹni tó gbé e kalẹ̀ bá ti gba owó rẹ̀ lọ?

Ẹ wo Drupal. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Antwerp, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Dries Buytaert ṣe ìkànnì kékeré tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Ọdún 2001 ló jáde fún aráyé. Ó mọ àṣẹ pín dáadáa: akápò á rí tirẹ̀, òṣìṣẹ́ oko á rí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Oṣù Kẹwàá 2014, wọ́n rí àléébù kan nínú Drupal 7 tó burú débi pé àwọn elétò ààbò rẹ̀ kìlọ̀ pé ìkànnì tí wọn kò bá tún ṣe láàárín wákàtí 7 sí ìkéde náà, kí ẹni tó ni ín gbà pé olè ti wọlé. Ilé iṣẹ́ tí kò ní ẹni tó ń ṣọ́ irú ìkéde bẹ́ẹ̀, kó má dán an wò.

WordPress rọrùn, àwọn tó mọ̀ ọ́n pọ̀ ní gbogbo ìlú. Àmọ́ gbangba ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ tilẹ̀ ti ojú ewé rẹ̀ pa, fáìlì tí ẹ gbé sórí rẹ̀ ṣì lè ṣí fún ẹnikẹ́ni tó bá ní líǹkì rẹ̀, àfi tí ẹ bá dí ọ̀nà náà lórí server.

Ní Tamale, MediaWiki ni ọkàn mi fà sí. Òun ló gbé Wikipedia ró, Wikipedia èdè Dagbani sì ti wà láti 2021, pẹ̀lú àwọn olùkọ̀wé láti Tamale fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kò jìnnà. MediaWiki ń pa àkọsílẹ̀ gbogbo àtúnṣe mọ́, ẹni tó ṣe é àti ìgbà tó ṣe é, èyí tó dára fún ìlànà iṣẹ́. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú ewé kan pa mọ́ fún àwọn kan dáadáa, nítorí náà owó oṣù àti fáìlì òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ débẹ̀. Òfin 843 ti ọdún 2012 ní Ghana ń dáàbò bo irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀.

Ibo ni kí ìkànnì náà máa gbé? Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹta 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú káàkiri Ghana. Server tó wà nínú ọ́fíìsì ṣì lè ṣiṣẹ́ lórí Wi-Fi ilé nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Dumsor, ìyẹn iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀, ni ọ̀tá tirẹ̀: ó nílò bátìrì, ó sì nílò ẹ̀dà tí wọ́n pa mọ́ síbòmíràn.

Kí wọ́n tó sanwó, kí akọ̀wé fúnra rẹ̀ gbé fọ́ọ̀mù ìsinmi sórí rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ oko fi fóònù wá a, kódà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Dagbani tó ní ɣ tàbí ŋ nínú. Kí wọ́n tún ní kí ẹni tó ń gbé e kalẹ̀ fún wọn kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde lójú wọn, kó sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà mìíràn.