Ṣé o mọ̀? Igbó Ọ̀ṣun kò gba ọdẹ

Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èèwọ̀ ni ọdẹ ṣíṣe àti ẹja pípa. Abájọ tí àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sá fún èèyàn: bí o bá mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání, dì í mú dáadáa! Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, odò Ọ̀ṣun sì lọ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Susanne Wenger, ọmọ Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí, tó ti ṣe bíríkìlà rí, ló fi sìmẹ́ńtì mọ ère gàgàrà síbẹ̀. UNESCO ka igbó náà mọ́ Ogún Àgbáyé lọ́dún 2005. Èrò máa ń pọ̀ lọ́dún Ọ̀ṣun nínú oṣù Ògọ́sì. Ẹni tó bá fẹ́ rìn gbẹ̀fẹ́ lábẹ́ igi, kó lọ nígbà mìíràn. Má sì bu omi odò náà mu o: ìwakùsà wúrà ti bà á jẹ́.