Kí ló ń gbé prẹ́ṣọ̀ bọ́ílà lọ?

Ní oṣù kìíní tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní London fi fọ́tò aago kékeré kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọwọ́ aago náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òdo. Wọ́n ní, "Ìwọ tó ò ń tún pọ́ǹpù ṣe, bá mi wò ó. Ilé ti tutù, ọmọ ò rí oorun sùn." Ọ̀tan Ayégbajú ni mo wà o, ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́wọ́, àmọ́ ọyẹ́ tiwa ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtútù tiwọn.

Bọ́ílà ilé wọn ń fi gáàsì gbé omi kaná, ó ń tì í gba inú páìpù lọ sí radiator tó wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan, omi náà á sì tún padà wá. Omi kan náà ló ń yí po, kò yẹ kó dín kù. Tó bá tutù, ọwọ́ aago yẹ kó wà láàárín 1 sí 1.5 bar. Bar 1 yẹn, ẹ ronú táǹkì omi tó wà ní mítà 10 sókè: bí omi rẹ̀ ṣe ń tì nísàlẹ̀ nìyẹn. Àwa tí à ń gbé láàárín òkè mọ ohun tí gíga táǹkì ń ṣe fún táàpù. Tí prẹ́ṣọ̀ bá wálẹ̀ jù, ọ̀pọ̀ bọ́ílà òde òní ò ní tàn rárá.

Ṣe ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń bu omi kún un, ọjọ́ kejì ó ti tún já wálẹ̀. Ìyẹn ò kí ń ṣe àtúnṣe. Omi tuntun ń gbé oxygen wọlé, irin inú radiator á sì máa dípẹtà. Omi London tún ní ẹfun nínú, òun ló ń lẹ̀ funfun mọ́ inú kẹ́túlù.

Mo ní kí wọ́n máa ya fọ́tò aago náà nígbà tó bá tutù àti nígbà tó bá gbóná. Ibẹ̀ ni àṣírí wà. Tó bá kàn ń rọra wálẹ̀, yálà bọ́ílà tàn tàbí kò tàn, omi ń jò níbì kan. Ẹ fi tíṣù gbígbẹ nu ìdí radiator àti gbogbo ibi tí wọ́n ti so páìpù. Tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n bu omi sí i dé 1.2, nígbà tó gbóná, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 3, nígbà tó tún tutù, ó ti di 0.4.

Omi gbígbóná máa ń wú. Tí 100 lítà bá kúrò ní 10°C dé 80°C, nǹkan bíi lítà 3 ló máa fi lé. Agolo irin kan tí wọ́n ń pè ní expansion vessel ló wà fún lítà 3 yẹn. Rọ́bà pín inú rẹ̀ sí méjì, omi lápá kan, afẹ́fẹ́ lápá kejì, afẹ́fẹ́ ló sì ń sún fún omi. Tí afẹ́fẹ́ bá ti tán níbẹ̀, bíi táyà tó rọ, omi ò níbi tí yóò sá sí. Tó bá ti dé nǹkan bíi 3 bar, fáàfù ààbò á ṣí, á da omi síta. Omi tó jáde ò sì ní padà. Wọ́n lọ wo páìpù kékeré tó yọ lára ògiri níta: ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tutù rinrin.

Fọkánáísà lè bá wa fẹ́ táyà, àmọ́ ẹ má tú bọ́ílà fúnra yín. Ní Britain, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú Gas Safe Register ni òfin ní kẹ́ ẹ pè sí iṣẹ́ gáàsì. Èéfín carbon monoxide ò lóòórùn, ó sì ń pani. Ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ̀rù àtisọ fún onílé, kó má baà fowó kún owó ilé. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ jàre: òfin onílé àti ayálégbé ti ọdún 1985, abala 11, gbé àtúnṣe ohun tó ń mú ilé gbóná lé onílé lọ́rùn, tí àdéhùn ilé ò bá ti tó ọdún 7. Wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́, wọ́n fi àwọn fọ́tò náà tì í. Ẹni tó wá tún un ṣe fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú agolo yẹn, ó sì pààrọ̀ fáàfù ààbò pẹ̀lú, torí èyí tó bá ti ń ṣí léraléra kì í sábà pa dé dáadáa mọ́.