Orin Ojú Agbo: Bí Wọ́n Ṣe Ń Gbà Á Sílẹ̀ àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Pín In

Orin ojú agbo ni orin tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ nígbà tí eléré ń ṣeré lọ́wọ́ níwájú èrò. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ló máa ń wọ inú rẹ̀: ìlù, ohùn, àtẹ́wọ́, ẹni tó hó láti ẹ̀yìn, títí kan okùn gìtá tó já. Ti sítúdíò kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ẹni tó bá ṣi orin kọ lè tún un kọ, wọ́n sì lè gba ìlù lónìí, kí wọ́n gba ohùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n wá pa méjèèjì pọ̀. Lójú agbo, ohun tó bá ti jáde ti jáde.

Eléré tó gbọ́ṣẹ́ kì í ṣe orin kan bákan náà lálẹ́ méjì. Àpẹẹrẹ tó hàn gbangba ni ti John Coltrane, gbajúmọ̀ afunfèrè jáàsì ọmọ Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹta 1967, ó gba orin kan tó pè ní “Ogunde” sílẹ̀ ní sítúdíò. Orin náà kò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún kan náà, ó fun orin yìí ní ilé àṣà tí Babátúndé Ọlátúnjí, onílù ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, dá sílẹ̀ ní Harlem, New York. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 28 ló lò lórí rẹ̀. Coltrane kú ní oṣù keje. Ohùn inú téèpù ọjọ́ náà kò mọ́, ìlù sì bo fèrè mọ́lẹ̀ níbi púpọ̀, síbẹ̀ ilé iṣẹ́ Impulse! gbé e jáde ní 2001, nítorí òun ló kẹ́yìn nínú àwọn agbo Coltrane tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀. Irú ìyàtọ̀ báyìí, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 28, ló ń mú kí àwọn ènìyàn máa wá orin ojú agbo kiri, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì máa dà á kọ fún ara wọn.

Láti orí ìda dé orí kásẹ́ẹ̀tì

Àṣà yìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Lionel Mapleson, ẹni tó ń tọ́jú ìwé orin ní ilé eré opera Metropolitan ní New York, ra ẹ̀rọ Edison kan ní 1900. Fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ó ń gba ohùn àwọn akọrin sílẹ̀ nígbà tí eré bá ń lọ. Ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ náà sínú ihò tí ẹni tó ń rán akọrin létí máa ń jókòó sí níwájú ìtàgé. Nígbà tó yá, ó gbé e gun òkè àjà. Ìda roboto ló ń gbohùn sí, ẹyọ kan kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì lọ. Ohùn tó wà nínú wọn jìnnà, ó sì ń họ yánnayànna, àmọ́ ibẹ̀ ni a ti lè gbọ́ Jean de Reszke, tó lókìkí gan-an láàárín àwọn ọkùnrin tó ń kọ opera nígbà ayé rẹ̀.

Àwọn olólùfẹ́ opera kò dá iṣẹ́ náà dúró látìgbà náà. Nígbà tí Maria Callas kọ La Traviata ní Lisbon ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta 1958, rédíò Portugal ló gbà á sílẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ilé iṣẹ́ EMI tó gbé e jáde ní gbangba ní 1980.

Jáàsì tún nílò ẹ̀rọ ju opera lọ, nítorí púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan. Orí ìtàgé gan-an ni afunfèrè ti ń ronú rẹ̀. Ní 1941, Jerry Newman, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Columbia, gbé ẹ̀rọ tí ń gbohùn sórí àwo lọ sí Minton's Playhouse ní Harlem, ó sì gba gìtá Charlie Christian sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún kan kí Christian tó kú. Ní 1947, Dean Benedetti, tí òun náà ń fun saxophone, bẹ̀rẹ̀ sí í gba Charlie Parker sílẹ̀. Ibi tí Parker bá ti ń fun fèrè nìkan ló máa ń gbà. Bó bá ti kan ẹlòmíràn, á pa ẹ̀rọ. Ó ju ogójì ọdún lọ tí àwọn olólùfẹ́ fi ń gbúròó ohun tí Benedetti gbà sílẹ̀ láìgbọ́ ọ, àfìgbà tí ilé iṣẹ́ Mosaic gbé e jáde lórí CD méje ní 1990.

Ní Íjíbítì, rédíò ló ṣe iṣẹ́ yìí. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, wọ́n máa ń gbé eré Umm Kulthum, gbajúmọ̀ akọrin ilẹ̀ náà, sáfẹ́fẹ́ láti Cairo. Orin kan ṣoṣo lè ju wákàtí kan lọ, nítorí èrò á ní kó tún ìlà kan kọ, òun náà á sì tún un kọ lọ́nà mìíràn. Ẹ̀dà àwọn agbo wọ̀nyẹn ṣì wà káàkiri ilẹ̀ Lárúbáwá. Ní Bronx, New York, híp-họ́ọ̀pù ti ń rìn lórí kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà lóde àríyá kí àwo híp-họ́ọ̀pù “Rapper's Delight” tó jáde ní 1979. Ní Jàmáíkà, kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà níbi ijó sound system ń bá èrò ọkọ̀ òfuurufú dé London àti New York.

Ẹgbẹ́ tó fàyè gba olùgbohùn

Grateful Dead, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tó bẹ̀rẹ̀ ní California ní 1965, ni wọ́n ń tọ́ka sí jù bí a bá ń sọ̀rọ̀ pínpín. Kí Jerry Garcia, onígìtá wọn, tó kú ní 1995, wọ́n ti ṣeré nígbà bí 2,300, orin tí wọ́n sì kọ lálẹ́ kan kì í jọ ti alẹ́ kejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn olólùfẹ́ wọn ní Brooklyn dá ẹgbẹ́ pàṣípààrọ̀ téèpù sílẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni ìwé ìròyìn Dead Relix ti jáde ní 1974, tí àwọn òǹkàwé fi ń mọ ẹni tó ní téèpù alẹ́ báyìí lọ́wọ́.

Àwọn eléré náà kò lé àwọn olólùfẹ́ tó ń gbohùn wọn sílẹ̀. Wàhálà tó wà ni pé ọ̀pá máìkì pọ̀ láàárín èrò, ó ń dí àwọn tó wá wòran lójú, ó sì ń dí amojú ẹ̀rọ ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá 1984, ní Berkeley, wọ́n ya àyè kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn tábìlì amojú ẹ̀rọ, wọ́n sì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òfin kan ló tẹ̀ lé e: ẹ gbà á, ẹ fún ara yín, ẹ má tà á. Àwọn tó gbọ́ téèpù lọ́fẹ̀ẹ́ wá ń sanwó láti wo eré, ẹgbẹ́ náà sì wà lára àwọn tí owó tíkẹ́ẹ̀tì ń wọlé fún jù ní Amẹ́ríkà. Phish àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tẹ̀lé ọ̀nà yìí lẹ́yìn wọn.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn téèpù wọn ni ti ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún 1977, ní gbọ̀ngàn Barton ní Yunifásítì Cornell. Betty Cantor-Jackson, amojú ẹ̀rọ wọn, ló gbà á. Nígbà tó yá, owó ibi tó kó àwọn téèpù rẹ̀ sí kò wọlé mọ́, wọ́n sì lu wọ́n ní gbàǹjo ní 1986. Àwọn olùrà tọ́jú wọn, wọ́n ṣe ẹ̀dà, ẹ̀dà sì tàn kálẹ̀. Ní 2012, Ilé Ìkówèésí Ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé agbo Cornell ti wọ inú àkójọ ohùn tí orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ẹgbẹ́ fúnra wọn kò gbé e jáde lórí àwo títí di 2017.

Ibi tí ohùn ti wọlé

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ohùn ń gbà wọ inú ẹ̀rọ. Àkọ́kọ́ ni láti fi wáyà fa ohùn láti inú tábìlì tí wọ́n ti ń pò ó. Èyí máa ń mọ́ gaara, ọ̀rọ̀ olórin á yéni, ṣùgbọ́n ariwo èrò kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀. Ó sì lè ṣini lọ́nà: nínú gbọ̀ngàn kékeré, ìlù ti dún tó láìsí máìkì, nítorí náà amojú ẹ̀rọ kì í gbé e sókè lórí tábìlì. Ẹni tó bá gbọ́ téèpù náà nílé á rò pé onílù ò wá sóde.

Ọ̀nà kejì ni láti gbé máìkì méjì sáàárín èrò, ọ̀kan fún etí ọ̀tún, ọ̀kan fún etí òsì. Ibí yìí ni bí gbọ̀ngàn náà ṣe ń dún ti ń wọlé, pẹ̀lú ìdùnnú èrò àti ìjíròrò ẹni tó jókòó sítòsí. Ibi tí máìkì bá dúró sí ló ń pinnu bóyá ohùn á dára: bó bá sún mọ́ gbohùngbohùn kan jù, apá kan ni yóò gbọ́, bó bá jìnnà jù, ohùn á máa ta padà lára ògiri. Àwọn kan máa ń pa ohùn tábìlì àti ti àárín èrò pọ̀, kí wọ́n lè rí àǹfààní méjèèjì.

Ẹ̀dà, ìwé ìdánimọ̀ àti ìlànà

Nígbà kásẹ́ẹ̀tì, ìṣòro ńlá ni pé gbogbo ẹ̀dà ló ń burú ju èyí tí wọ́n ti ṣe é lọ. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ dára. Ti ẹ̀ẹ̀karùn-ún á ti máa ṣe ṣíì, ohùn òkè á sì ti rẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí olùpàṣípààrọ̀ fi máa ń bi ẹnì kejì pé ẹ̀dà ìgbà mélòó ni tirẹ̀. Ẹni tí kò bá ní nǹkan tí yóò fi ṣe pàṣípààrọ̀ á fi kásẹ́ẹ̀tì òfìfo àti owó ìfìwéránṣẹ́ ránṣẹ́, ẹni tó ní téèpù á sì dà á kọ fún un láìgba èrè.

Kọ̀ǹpútà mú ìṣòro yẹn kúrò, nítorí ẹ̀dà fáìlì kò yàtọ̀ sí orírun rẹ̀. Ní 1998, àwọn olùpàṣípààrọ̀ ní Amẹ́ríkà dá etree sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ MP3, nítorí ó ń gé lára ohùn kí fáìlì lè kéré. Shorten ni wọ́n kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà FLAC, tí méjèèjì ń fún fáìlì pọ̀ láìyọ nǹkan kan kúrò. Ní 2002, wọ́n bá Internet Archive ní San Francisco fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti dá Live Music Archive sílẹ̀, ibi tí àwọn agbo tó ju 200,000 lọ wà lónìí lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn eléré tó ni wọ́n.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í pín fáìlì láìsí ìwé tó tẹ̀ lé e. Orúkọ eléré, ọjọ́, ìlú, gbọ̀ngàn, orin gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tò tẹ̀léra, irú máìkì, ibi tó dúró sí, àti ọ̀nà tí ohùn gbà láti orí téèpù dé inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀. Àìsí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló fà á tí ayé fi ń pe eré Bob Dylan ti ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún 1966 ní eré Royal Albert Hall, London, nígbà tó jẹ́ pé Manchester ló ti wáyé. Àṣìṣe yẹn rọ̀ mọ́ ọn débi pé nígbà tí ilé iṣẹ́ Dylan gbé e jáde ní 1998, wọ́n ṣì fi orúkọ London sára páálí rẹ̀.

Ibi tí òfin dúró sí

Pínpín lọ́fẹ̀ẹ́ àti títà kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní 1969, àwọn kan gba eré Rolling Stones sílẹ̀ ní Oakland láìgba àṣẹ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí àwo, wọ́n sì ń tà á. Ẹgbẹ́ náà gbé àwo ojú agbo tiwọn jáde ní 1970. Àdéhùn Róòmù ti 1961 ti sọ pé ó yẹ kí eléré lè kọ̀ kí ẹnikẹ́ni má gba eré rẹ̀ sílẹ̀ láìgba àṣẹ. Amẹ́ríkà ṣe òfin pàtó lórí rẹ̀ ní 1994. Ní Nàìjíríà, Òfin Copyright ti 2022 fún eléré ní ẹ̀tọ́ lórí eré tó ṣe lójú agbo. Nítorí náà, ìyọ̀ǹda ni ìpìlẹ̀: ẹgbẹ́ tó bá sọ pé ká pín in, ká pín in, èyí tó bá kọ̀, ká fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ìyọ̀ǹda náà sì lè yí padà. Ní 2005, Grateful Dead ní kí Live Music Archive dá gbígba eré àwọn dúró. Ariwo sọ, wọ́n dá ti àárín èrò padà, ṣùgbọ́n èyí tó wá láti orí tábìlì di ohun tí ènìyàn lè gbọ́ níbẹ̀ láìlè gbé e lọ.

Lọ́dọ̀ Yorùbá

Nílẹ̀ Yorùbá, ojú agbo ni orin ti ń rí owó àti ìyìn. Ohun tí oníjùjú tàbí onífújì bá kọ lóde ìsìnkú, ìgbéyàwó tàbí ìwúyè máa ń kún fún oríkì ọlọ́jọ́, orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti àwọn tó ń náwó. Irú orin yìí ni wọ́n ń pè ní “live play”. Orí kásẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ wà, ó bọ́ sórí VCD, ó sì ti wá wà lórí fóònù báyìí. Bí orin bá tilẹ̀ ti wà nínú àwo, ti òde àríyá ni yóò ní orúkọ bàbá ẹni nínú, nítorí náà ẹbí ọlọ́jọ́ ló kọ́kọ́ ń tọ́jú rẹ̀.

Ti Fẹlá Aníkúlápó-Kútì gba àfiyèsí lọ́nà mìíràn. Kì í sábà kọ orin tó ti ṣe àwo rẹ̀ mọ́ lórí ìtàgé. Èyí tí kò tíì jáde ni àwọn tó wá sí Shrine, ilé eré rẹ̀, máa ń gbọ́. Àwọn kan lára orin ìgbẹ̀yìn rẹ̀, bíi “Condom, Scallywag and Scatter”, kò jáde lórí àwo sítúdíò kó tó kú ní 1997. Orin ojú agbo ló jẹ́ kí àwọn tí kò dé Shrine mọ̀ wọ́n.

Àwọn ọ̀tá kásẹ́ẹ̀tì ni ooru, ọ̀rinrin àti eruku. Téèpù inú rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ra, ohùn á sì máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì òde àtijọ́ nílé kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀. Ẹ̀rọ tó mọ́ ni kó fi kọ ọ́, kó dà á sínú kọ̀ǹpútà láìgé e kúrú, kó sì fi ẹ̀dà sí ibi méjì ó kéré tán. Èyí tí ènìyàn ń rán lórí WhatsApp dára fún gbígbọ́, àmọ́ kò tó fún ìpamọ́, nítorí ohùn rẹ̀ ti fẹ́ẹ́rẹ́, orúkọ fáìlì kì í sì í sọ òde ẹni tó jẹ́. Kí wọ́n kọ ọjọ́, ìlú, orúkọ eléré àti ti ọlọ́jọ́ sára rẹ̀ nígbà tí àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì wà láyé láti dárúkọ ẹni tí olórin ń kì. Bí wọ́n bá fẹ́ tà á tàbí tàn án kálẹ̀, ọ̀dọ̀ eléré tàbí àwọn àrólé rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ.