Láàárín Ìbínú àti Ìgbájú

Ọmọ Ìrè-Èkìtì ni mí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn ní iléèwé girama kan ní Life Camp, Àbújá níbí. Ọmọ tó bá jà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń tì í wá. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì á ti já, imú á máa ṣẹ̀jẹ̀. Tí mo bá bi í pé kí ló dé, èsì tí mo máa ń gbọ́ jù ni: “Ó wò mí, mà.” Ó wò ọ́, kí ló wá ṣe? “Ó wò mí bákan ni, mà.”

Ọ̀rọ̀ “ó wò mí bákan” yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí pé ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ tí gbogbo ayé gbọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń dé.

Àwa ará Ìrè ò nílò kí òyìnbó kọ́kọ́ sọ èyí fún wa. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa nílé ni pé Ògún ti ogun dé sí Ìrè, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ara rẹ̀ ti kú. Ó bá àwọn èèyàn níjòókòó, kò sẹ́ni tó kí i. Ó gbé agbè ẹmu, òfìfo ni. Ó ní wọ́n fojú di òun, ló bá fa idà yọ. Àṣé èèwọ̀ àjọ tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí Ògún fi máa mọ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó kábàámọ̀, ó sì wọlẹ̀ lọ. Ẹ wò ó dáadáa: wọn ò bú u, wọn ò nà án, wọ́n kàn dákẹ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìdákẹ́jẹ́ di ìwọ̀sí, òùngbẹ àti àárẹ̀ sì ràn án lọ́wọ́.

Ní 1980, Kenneth Dodge, onímọ̀ ìhùwàsí ọmọdé ní Amẹ́ríkà, fi àwọn ọmọkùnrin iléèwé yẹ irú nǹkan yìí wò. Ó fún wọn ní àwòrán tí a gé wẹ́wẹ́ pé kí wọ́n tò ó pọ̀, lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí wọ́n gbà pé ọmọ mìíràn ti tú u ká. Nígbà tó hàn pé onítọ̀hún mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, inú gbogbo wọn ló bí. Nígbà tó hàn pé àṣìṣe ni, wọ́n rọra ṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ ò ti dájú ni wọ́n ti yà: àwọn tí wọ́n mọ̀ sí oníjà gbà pé àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni, àwọn yòókù ò kà á sí.

Àgbà náà ń ṣe é. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, fídíò kan káàkiri láti Banex Plaza ní Wuse 2, Àbújá níbí: Danladi Umar, tó jẹ́ alága ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà náà, ló gbé ìjà ko ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lórí ibi tí wọ́n gbé mọ́tò sí. Àlàyé tí ilé ẹjọ́ náà ṣe ni pé ẹ̀ṣọ́ yẹn ló ya aláfojúdi. Ẹ ò rí i? Ó wò mí bákan.

Tí ọkàn bá ti lè gbà pé ìwọ̀sí ni, ara kì í dúró gbàṣẹ mọ́. Àyà á máa lù kì-kì-kì, èémí á kúrú, iṣan apá á le. Apá iwájú ọpọlọ ló ń pàṣẹ pé “rọra”, ṣùgbọ́n àìsùn àti ọtí máa ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ò tilẹ̀ tíì gbó. Ó di ìgbà tí èèyàn bá lé ní ọmọ ogún ọdún kó tó gbó tán. Ẹni tó bá fẹ́ rí àgbà tí tirẹ̀ lọ sinmi, kó dúró sí ráńdábáùtù Life Camp nírọ̀lẹ́, nígbà tí mọ́tò Kado, ti Jabi àti ti Gwarinpa bá dojú kọra. Mo rí ọkùnrin oníkóòtù kan níbẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu bọ́nẹ́ẹ̀tì onítakisí ẹ̀yìn rẹ̀, torí pé ìyẹn fun fèrè. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: onítakisí yẹn fìrìgbọ̀n jù ú lọ.

Àwọn kan á ní kéèyàn tú ìbínú síta kí ara lè fúyẹ́: pariwo, gbá ilẹ̀kùn, lu ìrọ̀rí. Irọ́ ni. Ní 2002, onímọ̀ ìhùwàsí kan, Brad Bushman, mú 600 akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ó jẹ́ kí ẹlòmíràn bú àròkọ tí wọ́n kọ, ó wá ní kí àwọn kan máa lu àpò tí àwọn akànṣẹ́ fi ń dára yá, kí wọ́n sì máa ro ẹni tó bú wọn. Àwọn wọ̀nyí ni inú wọn ru jù. Àwọn tí kò ṣe nǹkan kan, tí wọ́n kàn jókòó jẹ́jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ni ìwà jàgídíjàgan wọn kéré jù. Ní 2024, òun àti Sophie Kjærvik kó ìwádìí 154 jọ, wọ́n rí i pé ohun tó ń mú ara rọ̀, bí èémí tí a fà sínú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ló ń dín ìbínú kù. Sísáré pàápàá ń fi kún un. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé gbígbé e mì ni mò ń wí. Ẹni tó gbé ìbínú mì tó sì ń rò ó ní gbogbo òru kò tíì kó ara rẹ̀ níjàánu.

Èyí tó wú mi lórí jù ṣẹlẹ̀ nítòsí wa, ní Monrovia, olú ìlú Làìbéríà. Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Chris Blattman, Julian Jamison àti Margaret Sheridan, pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ NEPI, kó ọkùnrin 999 jọ, ọmọ ọdún 18 sí 35: olè, atagbó, àwọn kan tó ti jagun abẹ́lé rí. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kọ́ apá kan nínú wọn bí èèyàn ṣe ń kúrò níbi ìjà, bó ṣe ń mí kanlẹ̀, bó ṣe ń tún ọ̀rọ̀ rò kó tó fèsì. Wọ́n ní kí wọ́n gé irun, kí wọ́n wọṣọ tó mọ́, kí wọ́n wọ súpámákẹ́ẹ̀tì lọ. Àwọn kan nínú olùkọ́ wọn ti gbé irú ayé yẹn rí. Wọ́n fún àwọn kan ní 200 dọ́là, àwọn kan gba ẹ̀kọ́ àti owó, àwọn kan ò gba nǹkan kan. Nígbà tó pé ọdún kan, ẹ̀kọ́ nìkan ti ń ṣá. Ṣùgbọ́n nígbà tó pé ọdún mẹ́wàá, olè àti ìjà ti dín kù ní nǹkan bí ìdajì láàárín àwọn tó gba méjèèjì. Èmi ò rò pé owó náà ra sùúrù fún wọn. Ó kàn fún wọn láyè láti fi ohun tí wọ́n kọ́ dánra wò títí ó fi mọ́ra.

Ní ọ́fíìsì mi, mo máa ń ní kí ọmọ mu omi, kó jókòó, kó wá wá nǹkan mìíràn tí ìwò yẹn lè jẹ́ fún mi. Bóyá eyín ló ń ro onítọ̀hún. Bóyá wàláà ẹ̀yìn rẹ ló ń wò. Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan máa ń yarí.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, tí wọ́n bá ní ọmọ yín jà níléèwé, ẹ má fi ìgbájú pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kó jẹun kí ẹ tó bi í léèrè ọ̀rọ̀.