Epo Tí Táábò Ńlá Ń Béèrè

Ẹ́ńjìnnì 2JZ-GTE tí ilé-iṣẹ́ Toyota gbé sínú ọkọ̀ Supra tí ó jáde ní ọdún 1993 jẹ́ onílítà mẹ́ta, ó ní sílíńdà mẹ́fà àti táábò méjì, agbára èyí tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà sì jẹ́ ti ẹṣin 320. Irin rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń fi ọkọ̀ díje fi ń yọ táábò méjèèjì, tí wọ́n sì ń fi ẹyọ kan tí ó tóbi rọ́pò wọn kí agbára náà lè di 800. Èéfín tí ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí táábò, táábò a sì máa ki afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà ju èyí tí ẹ́ńjìnnì lè fà fúnra rẹ̀ lọ; ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ tí epo kò bá a dọ́gba, epo a máa bú gbàmù dípò kí ó jó létòlétò, ooru rẹ̀ a sì yọ́ orí písítìn.

Nọ́súlù, ẹnu tóóró tí iná mànàmáná ń ṣí tí ó sì ń pa dé kí epo lè fọ́n, ni ó kọ́kọ́ ń kùnà, àkókò ni kò sì tó o. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 7,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyípo méjì tí sílíńdà fi ń parí iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ju nǹkan bí ìdá 17 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá lọ, nọ́súlù kò sì gbọdọ̀ wà ní ṣíṣí ju nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 àkókò kékeré yìí. Fún agbára 800, nọ́súlù kọ̀ọ̀kan ní láti lè tú nǹkan bí lítà kan jáde ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ni ti ilé-iṣẹ́ kò ju nǹkan bí ìlàjì rẹ̀ lọ.

Pọ́ǹpù inú táǹkì ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Agbára 800 ń mu nǹkan bí 300 lítà bẹntiróòlù ní wákàtí kan, ẹni tí ó bá sì rí iye tí wọ́n kọ sára pọ́ǹpù a rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, láìbéèrè ìfúnpá tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ìfúnpá epo gbọ́dọ̀ fi bar mẹ́ta ju ti afẹ́fẹ́ tí táábò ń kì lọ, nítorí náà bí táábò bá kì í dé bar méjì, pọ́ǹpù ní láti ta epo ní bar márùn-ún, bí ìfúnpá bá sì ṣe ń ga ni epo tí pọ́ǹpù lè gbé ń dín kù. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ti gbó tún ń dín iná tí ó ń dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù kù.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lo epo E85, tí ẹ̀tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi àgbàdo tàbí ìrèké ṣe, ní láti fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta sí mẹ́rin nínú mẹ́wàá kún gbogbo ìṣirò yìí, nítorí pé afẹ́fẹ́ kan náà ń béèrè epo yìí ju bẹntiróòlù lọ.

Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tó tún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì tò, torí bí kò bá mọ̀ pé nọ́súlù ti tóbi, epo yóò kún sílíńdà ní àkúnjù. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tíì ká nọ́súlù, pọ́ǹpù àti àtúntò yìí, kí ó fi táábò ńlá sílẹ̀ ná.