Ìdin Tó Wà Nídìí Sitirọ́bẹ́rì Mi

Ẹni tó bá ti ń ka ohun tí mò ń kọ tipẹ́ á ti mọ̀ pé mo ní oko kékeré kan ní London, lára ilẹ̀ tí kánsù máa ń yá aráàlú. Ẹ̀fọ́ àti àlùbọ́sà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà ní sitirọ́bẹ́rì lòun fẹ́, pé èyí tí òun bá fọwọ́ ara òun ká ni ká fi ṣe kéèkì ọjọ́ìbí òun nínú oṣù kẹfà. Mo ṣèlérí. Nínú oṣù kẹsàn-án, mo ra ẹsẹ̀ sitirọ́bẹ́rì 36, àwa méjèèjì la jọ gbìn ín, díẹ̀ sílẹ̀, ìyókù sínú ike ńláńlá.

Òtútù kọjá, ewé tuntun yọ, inú wa ń dùn. Nígbà tó di ìparí oṣù kẹta, àwọn ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Mo ní òǹgbẹ ni, mo bomi rin wọ́n. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún rọ sí i. Ẹ̀gbọ́n kan tí oko wa jọ pààlà, ọmọ Ìjẹ̀bú, ní omi ti pọ̀ jù, gbòǹgbò ti ń rà. Mo dá omi dúró. Wọn ò yéé kú. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 22 ti lọ nínú 36.

Màmá mi ló tú àṣírí náà láti Òkìtìpupa, lórí fídíò WhatsApp. Mo ń ráhùn fún wọn, wọ́n ní, "O ti fa ọ̀kan tu wò?"

Mo ní, "Rárá, Màmá."

"Ṣé ojú ewé lo máa tẹjú mọ́ títí gbogbo ẹ̀ á fi tán ni? Fà á tu jàre."

Mo di ọ̀kan mú, mo fà á. Ó kàn tẹ̀lé mi lọ́wọ́ ni, bí ìgbà téèyàn ṣí ìdérí ìkòkò. Kò sí gbòǹgbò kankan nídìí ẹ̀. Mo wá fọwọ́ tú iyẹ̀pẹ̀. Ìdin funfun bíi mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, wọ́n ká kò, wọn ò lẹ́sẹ̀, orí wọn pupa rúsúrúsú, èyí tó tóbi jù ò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Mo gbé fóònù sún mọ́ ọn. Màmá bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ wo ọmọ ìdin ọ̀pẹ!"

Wọn ò jìnnà sóòótọ́. Kòkòrò tó ń bí ìdin ọ̀pẹ tí a máa ń yan jẹ lọ́dọ̀ wa, àti èyí tó ń jẹ mí lóko, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n: ẹnu wọn na síwájú bí imú. Àwọn òyìnbó ń pe tèmi ní vine weevil. (Kòkòrò inú ẹ̀wà tí gbogbo ayé ń pè ní weevil ò sí nínú ẹbí yìí o. Ìyẹn dọjọ́ mìíràn.)

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kòkòrò yìí díẹ̀, torí ó yà mí lẹ́nu. Dúdú ni àgbà rẹ̀, ó ní tó-tò-tó pupa rẹ́súrẹ́sú lẹ́yìn, kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, kò lè fò. Lọ́sàn-án, ó ń sá pa mọ́. Lóru, á jáde wá bu etí ewé jẹ, bí ìgbà tí wọ́n fi nǹkan lu tíkẹ́ẹ̀tì níhò. Èyí tó wá ya mí lẹ́nu jù: abo ni gbogbo wọn. Kò sí akọ. Ẹyọ kan ṣoṣo tó bá bá ike òdòdó wọlé láti ọjà lè yé ẹyin ọgọ́rọ̀ọ̀rún láì gùn, ìdin tó bá sì pa, ẹ̀dà ìyá wọn ni wọ́n. Nígbà ẹ̀rùn òyìnbó ló ń yé e sílẹ̀, àwọn ìdin á sì máa jẹ gbòǹgbò láti ìgbà náà títí òtútù á fi lọ. Ìgbà tí mò ń yọ̀ sí ewé tuntun, ìsàlẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán!

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n wá oògùn líle fín in. Ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ni ìdin wà, ewé ni màá fín sí. Oyin ńkọ́? Ní 2018, European Union fòfin de ìpakòkòrò mẹ́ta nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní neonicotinoid lóko gbangba, nítorí oyin. Sitirọ́bẹ́rì ò sì lè ṣe kó má rí oyin. Àwọn hóró kéékèèké tí ẹ̀ ń rí lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni èso gan-an. Ẹran pupa tí à ń jẹ, ìdí òdòdó tó wú ni. Hóró tí lẹ́búlẹ́bú òdòdó bá dé ara rẹ̀ á máa tú èròjà kan tó ń jẹ́ auxin jáde, ìyẹn ló ń mú ẹran náà wú. Ní 1950, J. P. Nitsch ṣa hóró kúrò lára sitirọ́bẹ́rì kékeré, ẹran ibẹ̀ ò sì dàgbà mọ́. Ìdí nìyẹn tí sitirọ́bẹ́rì tí oyin ò dé ara rẹ̀ dáadáa fi máa ń rí wọ́gọwọ̀gọ. Kí n pa oyin nítorí ìdin? Mi ò ṣe.

Aràn ni mo rà. Nematode lorúkọ wọn, wọn ò gùn tó mìlímítà kan, inú páálí ni wọ́n ti ń tà wọ́n láàyè, inú fíríìjì lèèyàn sì ń kó wọn sí. Á gba ẹnu, ìdí, tàbí ihò tí ìdin fi ń mí wọlé sí i lára, á wá tú bakitéríà tó gbé sínú jáde. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ méjì, ìdin ti kú. Bakitéríà yẹn tún ń lé àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn kúrò nídìí òkú náà, kí ó má tètè rà, kí aràn lè jẹun, kó bímọ síbẹ̀, kí àwọn ọmọ sì jáde lọ wá ìdin mìíràn.

Tèmi ò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ẹ̀bi mi ni. Oríṣi Heterorhabditis ni mo rà, ilẹ̀ tó gbóná tó dígírì 12 ló sì ń fẹ́. Nígbà tí mo wá ti tẹmómítà bọlẹ̀, 8 ni mo bá. Ọ̀sán gangan ni mo tún lọ dà á, sórí ilẹ̀ gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń pa wọ́n, inú ọ̀rinrin ni wọ́n sì ti ń rìn. Owó mi lọ. Ní ọjọ́ìbí, sitirọ́bẹ́rì ọjà ni mo fi ṣe kéèkì. Ọmọ náà wò ó, ó ní, "Mọ́mì, èyí kì í ṣe tiwa." Mi ò rí èsì fọ̀.

Láti oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, àwa méjèèjì ń tan tọ́ọ̀ṣì lóru. A ó tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ ewé, a ó gbọn ewé, kòkòrò á já bọ́, á díbọ́n bíi pé ó ti kú. Kò tàn wá jẹ. 41 la mú. Mo gbin ẹsẹ̀ 40 mìíràn sínú iyẹ̀pẹ̀ tuntun. Nínú oṣù kẹsàn-án, mo ra Steinernema kraussei, èyí tó lè ṣiṣẹ́ ní dígírì 5. Mo kọ́kọ́ rin ilẹ̀ gbindin, mo dà á ní ìrọ̀lẹ́, mi ò sì jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Nínú oṣù kẹrin ọdún yìí, mo tú ìdí ọ̀kan wò. Ìdin méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n rọ jọ̀bọ̀tọ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ló kú nínú 40, kéèkì sì wáyé.

Mo pe Màmá láti ròyìn fún wọn. Wọ́n gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Aràn yẹn, ṣé ó lè pa ìdin ọ̀pẹ náà?"

Mo ní wọ́n ti dán an wò níbòmíràn fún kòkòrò ọ̀pẹ, pé ó ń pa á.

"Má gbé e wá síbí o."